Àbíjàn, Níbi Tí Wọ́n Ti Ní Ọmọ-Ọmọ Mi Kò Pa Èèyàn Tó

Òjò kò rọ̀ ní àárọ̀ tí mo dé Àbíjàn, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ló tutù bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìkùukùu funfun kan jókòó sórí ọ̀sà, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀ bí àtùpà tí wọ́n da aṣọ bò. Ìborùn mi lẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn. Afẹ́fẹ́ ń rùn bí ẹja àti epo mọ́tò.

Mo ní, "Ṣé báyìí ni ibí ṣe máa ń rí?"

Ọmọ mi Sìdíkátù, tó wá pàdé mi, ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa ná. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bẹ ìkùukùu yìí pé kó padà wá."

Òótọ́ ló sọ. Kó tó di ọ̀sán, mo ti ń fi etí ìró mi nu ojú.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ní kí n kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà dá yín lágara. Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ mi wú, àwọn tó wọ aṣọ ìjọba dá wa dúró títí mo fi ń dá ohùn wọn mọ̀. Ó parí. Ìwé kẹrin ni mo kà dé, nítorí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ ńláńlá lẹ́nu mi. Ohun tó bí mi nínú lọ́hùn-ún ni mo fẹ́ sọ, ó sì ṣì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

*Koumassi*

Koumassi, àdúgbò kan ní Àbíjàn, ni Sìdíkátù ń gbé, lẹ́bàá ọ̀sà, láàárín àwọn tó ń jó irin àti àwọn tó ń kan bẹ́ẹ̀dì. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ránṣọ níbẹ̀. Bí mo ṣe sọ ẹrù kalẹ̀ báyìí ni obìnrin ilé kejì yọjú, ọmọ ilẹ̀ yẹn ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akwaba, la vieille!"

Mo bi Sìdíkátù pé kí ló wí.

"Ó ní ẹ káàbọ̀, ìyá arúgbó."

"Arúgbó? Lójú èmi gan-an?"

"Màmá, ọ̀wọ̀ ni níbí. Ẹ fi ẹ̀rín dá a lóhùn."

Mo fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀fun mi. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó tà, ẹni tó rà, ẹni tó kàn ń kọjá lọ, arúgbó ni gbogbo wọn ń pè mí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ mo rí i pé òótọ́ ni, ọ̀wọ̀ ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo fi orí gbá ẹnu ọ̀nà wôrô-wôrô, mọ́tò kékeré tí èrò máa ń pín wọ̀. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Yako, la vieille, yako!" ìyẹn ni pé pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé àwọn ló gbá mi lórí. Ọkùnrin kan dìde fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ní ti ìpẹ̀lẹ́, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn.

Oúnjẹ wọn ni àtíẹ́kẹ́. Ẹ̀gẹ́ ni, wọ́n rin ín, wọ́n fi ooru omi sè é, ó dà bí gàrí tí kò gbẹ tán. Wọ́n á da ẹja dídín lé e lórí, wọ́n á gé àlùbọ́sà tútù àti tòmátì sí i, ó tán. Mo jókòó tì í, mo ń retí.

Ọmọ-ọmọ mi Àṣàkẹ́ ní, "Màmá àgbà, o ò jẹun?"

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún! Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Ọbẹ̀ ni mò ń dúró dè."

"Kò sí ọbẹ̀. C'est comme ça. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá àtíẹ́kẹ́ jà. Ní ọjọ́ kẹrin mo ní kí wọ́n bù kún un.

Nǹkan kan tí mi ò lè gbé mì rèé. Lọ́jà, obìnrin kan bi Àṣàkẹ́ pé ará ibo ni. Ó ní ará Koumassi. Obìnrin náà wo ìyá rẹ̀, ó wo èmi, ó ní, "Rárá, ará ibo gan-an?" Ìyá ọmọ yìí ṣe àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu orúkọ rẹ̀ sí àdúgbò yẹn, ibẹ̀ náà ló ti yọ eyín. Mo bi Àṣàkẹ́ bóyá ó ń dùn ún.

Ó ní, "Ó ti mọ́ mi lára. Ibì kan péré ló wà tí personne, ẹnikẹ́ni, kì í béèrè."

"Ibo ni?"

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọjà, ó ṣáájú mi lọ. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí òun àti ìyá rẹ̀ bá ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, ibẹ̀ ló máa ń lọ.

*Ilé eré ìbọn*

Ní ọjọ́ karùn-ún mo tẹ̀ lé e. Ilé kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń jó irin, aṣọ ni wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé aṣọ náà sókè. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá wà ní orí ìlà méjì, okùn so wọ́n pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ lọ́kùnrin lóbìnrin jókòó tì wọ́n, wọ́n fi nǹkan dé etí méjèèjì. Ẹnì kan kò dìde. Ẹnì kan kò kí mi. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìbọn! Ìbọn ni gbogbo wọn mú dání, wọ́n ń yìnbọn lu ara wọn, ẹ̀jẹ̀ ń ta sí ara ògiri, ẹni tó yìnbọn sì ń rẹ́rìn-ín.

Ara mi gbóná. Ilẹ̀ tí ìbọn gidi ti dún láìpẹ́ yìí, tí ọmọ mi ti sun orí sìmẹ́ǹtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣé ó yẹ kí wọ́n tún lọ fi í ṣeré? Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo pariwo mọ́ wọn. Mo ní kí Àṣàkẹ́ dìde. Mo ní ojú ò ti ẹni tó ni ilé yìí.

Ẹni tó ni ilé náà ń jẹ́ Kuamé, ọkùnrin gíga kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun létí. Kò bá mi pariwo. Ó sọ nǹkan kan jẹ́jẹ́. Àṣàkẹ́ túmọ̀ rẹ̀ láìgbójú sókè: "Ó ní o ò tíì jókòó."

Mo ní, "Mi ò wá jókòó!" Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, a jáde.

Lójú ọ̀nà ni mo tó rí i pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Màmá àgbà, mi ò pa ẹnì kankan rí. Jamais. O ò wo tèmi kó o tó pariwo."

Ẹ rí i, mo ti dàgbà, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, mo máa ń padà lọ wò ó. Ní ọjọ́ kejì mo padà lọ, mo jókòó sẹ́yìn ọmọ-ọmọ mi, mi ò sọ̀rọ̀.

Ẹni márùn-ún ń bá ẹni márùn-ún jà nínú ìlú kan tó ti wó. Ẹni tí Àṣàkẹ́ ń darí gbé àpò oògùn kọ́ èjìká. Bí ẹnì kan lára tiwọn bá ṣubú, yóò fara pa mọ́ ògiri títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò kúnlẹ̀ tì í, onítọ̀hún á dìde, á máa bá eré lọ. Bí kò bá sẹ́ni tó ṣubú, igun kan ló máa ń dúró sí, á máa wò. Á ní, "À gauche, lápá òsì! Wọ́n jẹ́ méjì, wọ́n wà lẹ́yìn kànga!" Òótọ́ ni, wọ́n á wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Tèmi náà kò yá, ẹ̀yin tí ẹ ti bá mi ṣa ìrẹsì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀! Mo kà á: ní jíjókòó kan yẹn, ìgbà mọ́kànlá ló gbé ẹni tó ṣubú dìde.

Bàbá àwọn ọmọ mi, ọdẹ ni, Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Mo mọ ẹni tí à ń pè ní ọdẹ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń yìnbọn nìkan.

*Pátákó*

Pátákó dúdú kan wà lára ògiri Kuamé. Orúkọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, nọ́ńbà sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mo bi Àṣàkẹ́ kí ni nọ́ńbà náà jẹ́. Ó ní iye èèyàn tí oníkálukú ti pa ni.

"Èyí tó ka iye tí o gbé dìde ńkọ́?"

"Kò sí i."

Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, òdo ló wà níwájú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé eré kan ní Bingerville ránṣẹ́ pé kí ará Koumassi wá bá àwọn díje, ẹni márùn-ún sí ẹni márùn-ún. Kuamé yan Àṣàkẹ́ mọ́ wọn, inú rẹ̀ dùn, kò jẹun dáadáa. Ó rán ẹ̀wù búlúù márùn-ún fún ẹgbẹ́ wọn, ó fi òwú funfun kọ orúkọ oníkálukú sẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, ìyá rẹ̀ pàápàá yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ibi tó máa tú.

Ní ọjọ́bọ̀ ó ti ilé Kuamé dé, kò kí wa. Ó mú ẹ̀wù kan nínú márààrún, ó jókòó sídìí fèrèsé, ó mú abẹ, ó ń já òwú funfun lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo sún mọ́ ọn. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń tú.

"Kí ló dé?"

"Seydou ló máa wọ̀ ọ́. Kuamé ti fi í dípò mi. Seydou ló ń pa èèyàn jù." Ó ń bá títú lọ. "Màmá àgbà, wọ́n ní mi ò pa èèyàn tó."

Mo dàgbà tó báyìí. Wọ́n ti sọ fún àwọn ọmọ ilé wa pé wọn ò kàwé tó, pé wọn ò lówó tó, pé wọn ò tètè lọ́kọ. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ilé wa, ẹnì kan kò tíì sọ fún ọmọ wa rí pé kò pa èèyàn tó. Wọ́n sì fi ẹ̀wù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán wọ ẹlòmíràn! Mo gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó fi ìyókù òwú yẹn sílẹ̀.

*Mo jókòó*

Sìdíkátù ló là mí lóye. Ó ní, "Màmá, bí ẹ bá tún lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà pariwo, asán ni. Bí àlejò bá wọlé níbí, á jókòó, wọ́n á fún un lómi, á mu ún. Lẹ́yìn náà ni onílé á béèrè 'les nouvelles', ìròyìn tó gbé e wá. Bí wọ́n bá ti béèrè, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ já ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu títí ẹ ó fi sọ tán."

Àjòjì lójú, kò fi ríran. Ìdí nìyí tí ọkùnrin yẹn fi sọ lọ́jọ́sí pé mi ò tíì jókòó!

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ mo wọlé, mo jókòó. Kuamé wò mí, ó lọ bu omi wá. Mo mu ún, mi ò kánjú. Ó yí àga rẹ̀ sí mi, ó pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn ṣí etí wọn sílẹ̀.

"La vieille, les nouvelles?"

Mo ní, "Àlàáfíà ni. Ìtàn ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ọdẹ ni. Bí ẹgbẹ́ wọn bá jáde, ẹnì kan ló ń da ajá, ẹni méjì ń lu igbó kí ẹran lè jáde, ẹnì kan gun igi, ojú rẹ̀ ló ń ṣọ́ gbogbo wọn, ẹnì kan gbé omi àti oògùn ejò. Ẹni kan ṣoṣo ni ìbọn rẹ̀ ń dún lọ́jọ́ mìíràn. Bí wọ́n bá dé, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pín ẹran? Ẹni tó yìnbọn gba tirẹ̀. Alájá gba tirẹ̀. Àwọn tó lu igbó gba tiwọn. Ẹni tó wà lórí igi, tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó gba itan. Bí ayìnbọn bá dá gbogbo rẹ̀ gbé lọ sílé, bó bá dọ̀la, òun nìkan ni yóò dá lọ. Ejò ni yóò sì bá pàdé."

Àṣàkẹ́ ń túmọ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Géńdé kan tó sanra, tó wọ bàtà pupa, na ọwọ́. Seydou nìyẹn.

"La vieille, pardon o. Ẹranko kì í yìnbọn padà."

Mo ní, "Ọmọ mi, ẹfọ̀n kò nílò ìbọn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kuamé náà rẹ́rìn-ín, ó ní ti bàbá àgbà òun lábúlé náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pípa ni eré yìí, kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.

Seydou ní, "Ó wà níbẹ̀ kẹ̀. Ti ẹrù gbígbé ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí sí Kuamé. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àwọn tó ṣe eré náà ti fi ọ̀nà mẹ́ta mìíràn sí i: ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbé ẹrù láti ibì kan dé ibòmíràn, èyí tí wọ́n ń ṣọ́ ilé, èyí tí wọ́n ń sin ẹnì kan kọjá. Kuamé ló tì wọ́n pa. Mo wò ó títí ó fi bojú wolẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìwọ wá dí mẹ́ta nínú mẹ́rin, o sì ní ọmọ mi kò mọ̀nà!"

Ó dáhùn, ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní bí òun bá ṣí i, àwọn tó fẹ́ràn pípa yóò kọjá sí ilé eré Marcory, níbi tí wọ́n ti ń pa ara wọn láti àárọ̀. Ilé òun á sì ṣófo. Mo gbọ́ ọ. Oníṣòwò ni, ẹ̀rù tirẹ̀ náà kì í ṣe irọ́. Mo ní kó ṣí i ní ọ̀sán kan péré, ká wò ó. Ó ní, "Demain." Ọ̀la.

*Ẹrù*

Àpótí kan ni wọ́n máa gbé láti orí afárá dé ilé ìkẹ́rùsí. Ẹni méjì ló ń gbé e, ẹni tó bá sì gbé e kò lè yìnbọn. Kuamé fi Àṣàkẹ́ àti Seydou sí ẹgbẹ́ kan náà.

Wọn ò tíì gbé àpótí náà ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ tí Seydou fi rí ọ̀tá lókèèrè, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé e. Ó pa á. Ó tún pa òmíràn. Àpótí wà lójú títì bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà, àkókò tán, wọ́n pàdánù.

Kuamé kọjú sí mi. "La vieille, ẹ ti rí i?"

Ṣùgbọ́n Seydou ti fò dìde. "Mo pa mẹ́tàdínlógún, èmi náà ni mo pàdánù? Ça c'est quoi? Kí lèyí? On reprend! Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe!" Ó jókòó, ó yí sí ẹ̀gbẹ́. "Àṣàkẹ́, ibo la máa gbà?"

Ó bi í! Níwájú gbogbo wọn.

Àṣàkẹ́ kò kánjú. Ó ní kí wọ́n má gba títì, kí wọ́n gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, kí Seydou máa lọ níwájú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹrù sílẹ̀ bí ó ti wù kó rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Seydou ṣubú, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e dìde. Nígbà tí àpótí wọ ilé ìkẹ́rùsí, ariwo tí wọ́n pa pọ̀ débi pé ajórin kan sáré wọlé, ìbojú irin ṣì wà lójú rẹ̀, ó rò pé iná ló ń jó ilé. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Ẹnì kan kò rántí Marcory.

Kuamé mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà tuntun sí pátákó, ó kọ iye tí oníkálukú gbé dìde. Orúkọ Àṣàkẹ́ ló wà lókè. Kuamé jáde lọ tẹ ará Bingerville láago, pé kí wọ́n jẹ́ kí ti ẹrù wà nínú ìdíje. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ ti yí padà.

Ó ní, "Wọ́n kọ̀. Pípa nìkan ni wọ́n ń kà lọ́hùn-ún. Àṣàkẹ́, bí wọn ò bá yí i padà, Seydou ni mo máa mú lọ."

Àṣàkẹ́ ní, "Ça va, Kuamé. Kò burú."

Ẹ̀yin ará ilé, "kò burú" yẹn ló bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Lọ́dọ̀ àwa obìnrin ilé ni. Ẹni tí wọ́n ń bi lójoojúmọ́ pé ará ibo ni, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń tètè dìde kúrò lórí àga.

Mo bi Kuamé pé ọ̀nà ibo ni wọ́n ń gbà lọ sí Bingerville. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

*Bingerville*

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo wé gèlè mi, mo mú Àṣàkẹ́ dání kó lè máa túmọ̀. Ìlú jẹ́jẹ́ ni Bingerville, igi pọ̀ níbẹ̀, àwọn ilé tí òyìnbó àtijọ́ kọ́ ṣì dúró, ọ̀dà wọn ti ń ṣí. A béèrè, wọ́n júwe. Obìnrin kan ló ni ilé eré náà, ó sanra, awò wà lójú rẹ̀. Ó fún mi lága, ó bi mí pé kí ni mo jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ní, "Èmi ni ìyá àgbà ẹni tí ẹ kò fẹ́ kà."

Àṣàkẹ́ wò mí.

Mo ní, "Túmọ̀ ọ́. Bí mo ṣe wí i gan-an."

Ó túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ là, ó gba ọ̀rọ̀ náà sọ fúnra rẹ̀, Faransé ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi, èmi kàn ń mi orí ni. Obìnrin náà ní kò ṣeé ṣe. Ó ní àwọn oníbàárà òun. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jáde, ó wọlé, ó bá wa nílẹ̀. Ó jẹun ọ̀sán, ó bù fún wa, a jẹ, a dúpẹ́, a ò dìde.

Nígbà tí oòrùn ń lọ sẹ́yìn àwọn igi, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa díje, òun gbà kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹrù.

Àṣàkẹ́ ti dìde, ó ń dúpẹ́, ó ti mú báàgì mi dání.

Mo ní ọ̀kan kò tó. Mo ní kó gbé báàgì náà sílẹ̀, kó padà jókòó.